Wọ́n Ní Kò Ṣí

Jẹ́-n-wò-ó kò lè béèrè ìbéèrè. Kì í ṣe pé ẹnu rẹ̀ wúwo. Ó lè fi wákàtí kan sọ̀rọ̀ lórí ohun tí kò dá a lójú. Ìbéèrè gan-an ni kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó gbà pé ẹni tó bá béèrè nǹkan ti jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀ ọ́n, àti pé ẹni tó bá ti jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí wọ́n ń fún ní iṣẹ́. Nítorí náà, ìṣòro yòówù kí ẹ gbé wá bá a, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń jẹ bébà, ìbáà ṣe ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò pa dé, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní: "Ẹ jẹ́ n wò ó."

Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ yìí tú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ palẹ̀ wẹ́wẹ́ láti wá ohun tó ń dún, tí ó sì rí i nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ pé àga tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jókòó lé ló ń dún.

"Kí ló dé tó ò lè béèrè bóyá mo jókòó ni àbí mo dìde nígbà tó ń dún?"

"Ó yẹ kí ẹnìkan wo ẹ̀rọ náà dáadáa ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"O ti wò ó. Ó wá ku kí o tò ó padà."

Ọjọ́ méjì ló fi tò ó. Nọ́ọ̀tì méjì ṣẹ́ kù. Ó rọra kó wọn sápò.

Ọdún mẹ́ta ni Jẹ́-n-wò-ó fi wá iṣẹ́ lẹ́yìn tí ó gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìwé ẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ tí ó kọ ju igba lọ. Àwọn mẹ́rin dáhùn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí nìkan ló gbà á, ìyẹn náà kì í ṣe títí: oṣù mẹ́fà ti ìdánwò ni. Bí oṣù mẹ́fà bá pé, ọ̀gá àgbà yóò fọwọ́ sí ọ̀kan nínú ìwé méjì, èyí tó sọ pé ó ti di òṣìṣẹ́ títí lọ, tàbí èyí tó sọ pé kí ó máa lọ ire. Oṣù mẹ́fà náà yóò pé ní ọjọ́ Ẹtì. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tọ́jú ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó bá ṣí ìkànnì yìí, ojú ọ̀gá àgbà ni yóò kọ́kọ́ rí, láti etí dé etí, tí ó ń rẹ́rìn-ín. Yóò sún un sókè, yóò rí táì ọ̀gá. Yóò tún sún un, yóò rí bọ́tìnnì ẹ̀wù ọ̀gá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó rí ibi tí a ti ń forúkọ sílẹ̀. Ọ̀gá kò gbẹ̀bí rí láyé rẹ̀. Ẹni tó bá wo ìkànnì náà á rò pé òun ló gba ẹ̀bí gbogbo ìlú.

Ètò méjì ló wà lẹ́yìn àwòrán yìí. Èkíní jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é ní pírọ́sì, ṣùgbọ́n onílẹ̀kùn ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì jókòó sínú, òun ló ń fi orúkọ àwọn ènìyàn sílẹ̀. Bí àlejò bá wá láti orí fóònù rẹ̀, ọ̀nà HTTPS ló ń gbà, èyí tó dà bí lẹ́tà inú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, tí ẹnikẹ́ni kò lè kà lójú ọ̀nà. Onílẹ̀kùn á gba àpòòwé náà, á ya á, á sì mú lẹ́tà lásán lọ fún ètò inú. Kò sí olè láàárín àwọn méjèèjì, nítorí náà kò sí ewu. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tò ó ti lọ síbi iṣẹ́ tó dára ju èyí lọ, kò sì sí ẹni tó ráhùn.

Akọ̀wé ọ̀gá ni ẹni kejì tí ó yẹ kí a mọ̀. Obìnrin yìí ní ẹ̀kọ́ ilé débi pé ó ti di àìsàn sí i lára. Kì í dárúkọ ẹni tó ju òun lọ, kì í sì í pe ohunkóhun tó jẹ mọ́ ọ̀gá ní "ó". Ọ̀gá, "wọ́n". Ìyàwó ọ̀gá, "wọ́n". Ọmọ ọ̀gá tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, "wọ́n ti tọ̀ sílẹ̀". Ológbò kan wà tó máa ń sùn lábẹ́ tábìlì ọ̀gá, bí ẹ bá béèrè rẹ̀, Akọ̀wé á rẹ ohùn sílẹ̀: "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi."

Ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní Ọjọ́bọ̀ náà, tẹlifóònù dún lórí tábìlì Jẹ́-n-wò-ó. Yàrá rẹ̀ wà lókè pátápátá, níbi tí wọ́n máa ń kó ọmọ rọ́bà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìgbẹ̀bí sí. Mẹ́rìnlá ni wọ́n lórí pẹpẹ, ìhòhò ni gbogbo wọn wà, wọn kì í sì í ṣẹ́jú.

"Ẹnjiníà, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ má bínú pé mo dí yín lọ́wọ́. Wọ́n ní ìkànnì wa kò ṣí."

"Ẹ káàárọ̀, mà. Kò lè má ṣí."

"Wọ́n ní ó ń kọ ọ́ pé kò sí ààbò, pé kí àwọn yáa padà sẹ́yìn. Wọ́n ní ẹ̀rù ba àwọn."

"Ẹ jẹ́ n wò ó, mà."

Ó wò ó. Ìkànnì náà ṣí wàrà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àmì àgádágodo wà lókè, ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín. Ó wò ó lórí fóònù rẹ̀, ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ náà. Ẹlòmíràn á ti gbé tẹlifóònù padà, á béèrè ohun mẹ́ta: ta ni, lórí fóònù wo, láti ìgbà wo. Ìṣẹ́jú kan ni ìbéèrè mẹ́ta yẹn máa gbà. Dípò ìyẹn, Jẹ́-n-wò-ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Akọ̀wé ní "wọ́n". Àwọn tó fẹ́ wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún yìí lé ní ẹgbẹ̀ta, ìforúkọsílẹ̀ sì máa parí ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. A jẹ́ pé àwọn ni wọ́n.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ìwé-ẹ̀rí. Gbogbo ìkànnì tó ń lo àpòòwé ló ní ìwé-ẹ̀rí kan tó fi ń sọ fún fóònù pé "Èmi gan-an nìyí." Ìwé náà ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Ó yẹ̀ ẹ́ wò: ó ku ọjọ́ mọ́kànléláàádọ́ta kí ó parí. Kò ṣe é ní ohunkóhun. Ó gba tuntun síbẹ̀síbẹ̀, bí ẹni tó ń fún ẹni tí ara rẹ̀ le ní oògùn ibà.

Ó pe Akọ̀wé padà. "Ẹ ní kí wọ́n tún gbìyànjú ẹ̀ wò, mà."

"Ẹ dúró ná." Ó gbọ́ tí Akọ̀wé dìde, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn kan ṣí, ó gbọ́ tí ó pa dé. "Ẹnjiníà, wọ́n ní bákan náà ni. Wọ́n tún ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀ nítorí ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí gún un lọ́kàn. Ó fojú inú wo ẹgbẹ̀ta ọ̀dọ́, olúkúlùkù nínú yàrá tirẹ̀, tí wọ́n ti oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí ìkànnì òun. Kò ṣe é ní kàyéfì pé Akọ̀wé rí ìdáhùn ẹgbẹ̀ta ènìyàn gbà láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú, lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan ṣoṣo.

Nǹkan bí agogo mẹ́wàá ààbọ̀, Akọ̀wé tún pè.

"Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti ń bínú o. Wọ́n ní àwòrán ọ̀gá gan-an làwọn fẹ́ rí, kò jáde."

Ibí yìí ló yẹ kí ènìyàn tó ní làákàyè dúró. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan láyé tó máa ṣí ìkànnì yẹn nítorí àwòrán ọ̀gá. Bí wọ́n ṣe máa sún un kọjá ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n inú Jẹ́-n-wò-ó dùn. Àwòrán! Ó mọ àìsàn tó ń mú àwòrán. Wọ́n kọ́ ọ ní ilé ìwé, ó sì gba máàkì méjìdínlógún nínú ogún lórí rẹ̀: ojú ìwé á wá nínú àpòòwé, àwòrán á yọjú ní ìhòhò láìsí àpòòwé, fóònù á sì fura sí gbogbo rẹ̀. Oògùn rẹ̀ kò ṣòro. Ó ṣí ètò inú, ó sì pàṣẹ fún un pé láti òní lọ, kò gbọdọ̀ gba lẹ́tà kankan tí kò bá sí nínú àpòòwé. Bí irú rẹ̀ bá dé, kí ó dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó ní kí ẹni tó ni ín lọ lẹ̀ ẹ́ pa wá.

Ó tẹ bọ́tìnnì náà ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Kò sí ẹni tó mú un lọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, tẹlifóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì dákẹ́ mọ́. Ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ pè.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ó ní ìkànnì yín ti darí mi kiri ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé ìdánwò ìgbàwọlé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ni?"

"Ẹ jẹ́ n wò ó."

Bàbá kan tẹ̀ lé e. "Ìwọ lo wà nídìí ẹ̀rọ yìí? Mo ti tẹ̀ ẹ́ títí ìka mi ti fẹ́ bó. Ọmọ mi fẹ́ wá kọ́ ìgbẹ̀bí, ẹ̀yin lẹ wá ń rọbí!"

"Ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ n wò ó."

"Láti ọjọ́ tí o ti ń wò ó, kí lo rí?"

Ó ṣí ìkànnì náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀rín ọ̀gá ti wọlé lọ. Ojú ìwé funfun ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìlà kan tó ní ìkànnì yìí ti darí rẹ lọ darí rẹ bọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí o pa kúkì rẹ rẹ́, ìyẹn àmì kéékèèké tí ìkànnì máa ń fi sílẹ̀ sínú fóònù. Ó pa kúkì rẹ́. Kò ṣí. Ó tún un pa. Ó pa fóònù, ó tàn án. Ó pa kúkì rẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, bí ẹni tó rò pé àwọn méjì àkọ́kọ́ kò gbọ́ dáadáa. Ó rò ó pé kí òun kàn dá àṣẹ náà padà, ṣùgbọ́n bí òun bá dá a padà, àwọn tí kò ṣí fún láàárọ̀ á ṣì wà níbi tí wọ́n wà, ebi á sì máa pa wọ́n.

Ó wá ṣe ohun tó yẹ kí ó ti ṣe ní agogo mẹ́sàn-án: ó ka àkọsílẹ̀ inú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà ń gbé, èyí tó ń kọ ẹni tó wá àti ìgbà tó wá sílẹ̀. Fóònù kan ṣoṣo ti wá ní ìgbà ogún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú àkọsílẹ̀ onílẹ̀kùn, ìgbà ogún ló wá nínú àpòòwé. Nínú àkọsílẹ̀ ètò inú, ìgbà ogún ló wá lásán. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà kan náà, kò sì sí èyí tó ń purọ́.

Kò yé e. Ó wá àpòòwé kan nínú dúrọ́ọ̀, ó sọ ọmọ rọ́bà méjì kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó gbé ọ̀kan sí iwájú tábìlì, ó gbé èkejì sí ẹ̀yìn. Ó fi bébà sínú àpòòwé, ó gbé e fún ọmọ rọ́bà iwájú, ó ya á, ó mú bébà lọ fún ti ẹ̀yìn. Ó mú un padà. Ó lẹ̀ ẹ́ pa. Ó tún gbé e wá. Bí bàbá agbálẹ̀ ṣe ṣí ilẹ̀kùn nìyẹn, tòun ti ìgbálẹ̀ àti garawa, tí ó rí oníwèé gíga tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láàárín ọmọ rọ́bà méjì tó wà níhòhò.

"Ẹnjiníà. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, bàbá. Mo ń ronú ni."

"Ẹ rọra máa ronú. Ẹ mu omi." Ṣùgbọ́n bàbá náà kò lọ. Ó gbé ọwọ́ lé orí ìgbálẹ̀, ó ń wo àwọn ọmọ náà. "Kí ni tẹ̀yìn yìí ń bínú sí?"

"Ó ní àfi kí lẹ́tà wà nínú àpòòwé kí òun tó gbà á."

"Tiwájú ló sì ń ya àpòòwé?"

"Òun ni."

"Báwo ni tẹ̀yìn á ṣe wá mọ̀ pé ó wà nínú àpòòwé tẹ́lẹ̀, nígbà tí tiwájú ti ya á, tí kò sì sọ nǹkan kan?"

Jẹ́-n-wò-ó wo bàbá náà. Bàbá náà ń wo ọmọ rọ́bà. Ìbéèrè mẹ́ta ló ti béèrè láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò ní oyè kankan tí ìbéèrè lè bà jẹ́ fún un.

Ìlà kan ṣoṣo ló kù. Ó kọ ọ́ fún onílẹ̀kùn: lẹ́tà yòówù tí o bá mú wọlé, kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé inú àpòòwé ló wà nígbà tó dé. Ó sì sọ fún ètò inú pé kí ó gba ọ̀rọ̀ onílẹ̀kùn náà gbọ́. Ní agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ọ̀gá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Tẹlifóònù dákẹ́. Orúkọ tuntun mẹ́sàn-án wọlé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó nà, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ró, ó sì pe Akọ̀wé pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti ogun dé.

"Ẹ sọ fún wọn, mà, pé ó ti ṣí."

"Háà, ẹ ṣeun o! Ẹ dúró ná." Ilẹ̀kùn ṣí. Ilẹ̀kùn pa dé. "Ẹnjiníà, wọ́n ní kò ṣí."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àjà mẹ́ta ni, kò di ohunkóhun mú. Akọ̀wé wà nídìí tábìlì rẹ̀ níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá, ó ń tẹ ìwé kan. Jẹ́-n-wò-ó dúró níwájú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí, ó pa dé, ó tún ṣí, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín rẹ̀.

"Mà. Ta... ta ni wọ́n?"

Akọ̀wé wò ó bí ẹni tó béèrè ọjọ́ orí òun. "Wọ́n kẹ̀!"

"Mo mọ̀, mà. Wọ́n yẹn. Mélòó ni wọ́n?"

"Mélòó ti báwo? Ẹyọ kan ni wọ́n!"

Jẹ́-n-wò-ó di tábìlì mú.

"Mama ọ̀gá ni," Akọ̀wé rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n wà nínú ọ́fíìsì ọ̀gá láti agogo mẹ́sàn-án. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń wo àwòrán ọ̀gá lórí fóònù kí wọ́n tó jẹun. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa dárúkọ wọn ni?"

Mama jókòó sórí àga ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tábìlì ńlá náà. Tíṣà ìṣirò ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ sì ṣì jẹ́ ti ẹni tó ń wá ẹni tó jíwèé wò. Ó na fóònù rẹ̀ sí Jẹ́-n-wò-ó láìdìde.

"Ìwọ ni wọ́n ní ó ń wò ó láti àárọ̀. Wá wò ó níbi tó wà."

Kò nílò ju ìwò kan lọ. Lókè fóònù náà, ó wà níbẹ̀ gàdàgbà: ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

"Mà, ṣé nǹkan ṣe fóònù yìí ni?" Ìbéèrè kẹta ti rọrùn ju àkọ́kọ́ lọ.

"Ó bọ́ sínú garawa omi ìfọṣọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo yọ bátìrì rẹ̀, mo sá a sóòrùn. Ó ń pe ènìyàn dáadáa, ìkànnì ọmọ mi, èyí kan ṣoṣo tí mo máa ń wò, ló ní òun ò ṣí. Mo rò pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni."

"Aago rẹ̀ ló padà sẹ́yìn, mà. Ìwé-ẹ̀rí ìkànnì yìí ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lójú fóònù yín, ó ku ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó kọ ọ́. Ó rò pé ayédèrú ni."

"O sì ti gba òmíràn láàárọ̀ yìí, Akọ̀wé sọ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èyí tó tún kéré sí i lọ́jọ́ orí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó tún ọjọ́ náà ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín ọ̀gá sì yọ, láti etí dé etí.

"Ọmọ mi nìyí!" Mama gbé fóònù náà súnmọ́ ojú. Ní àkókò yẹn gan-an ni ọmọ rẹ̀ wọlé láti ìpàdé, tí ó kí i pé "Ẹ káàsán, Mama." Kò gbé ojú sókè. Àwòrán ló ń wò.

Ọ̀gá yíjú sí Jẹ́-n-wò-ó. Ìwé tí Akọ̀wé ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, bírò wà lọ́wọ́ kejì. Jẹ́-n-wò-ó ka ọ̀rọ̀ náà láti òdìkejì: *títí lọ*. Ó ku ìfọwọ́sí nìkan.

"Àwọn òbí ti pè mí nínú ìpàdé lẹ́ẹ̀mejìlá. Wọ́n ní ìkànnì kú. Mo sì ń gbọ́ pé o ti tún ti Mama ṣe. Ṣé ohun kan náà ló ṣe gbogbo wọn?"

Ìdáhùn tó rọrùn wà nínú ìbéèrè náà gan-an. Kí ó kàn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín pírọ́sì àti ọmọ rọ́bà. Á fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ á parí.

"Rárá, sà. Ti Mama, fóònù ni. Ti àwọn yòókù, èmi ni."

"Ìwọ."

"Kò sí ohun tó ṣe ìkànnì tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́ níbi tí mo ti ń tún un ṣe. Láti agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, títí di agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ."

"Ìṣẹ́jú mọ́kànléláàádọ́rin," ni Mama wí, kò sì gbójú kúrò lára fóònù.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án?"

"Kò sí, sà. Mo gbọ́ 'wọ́n'. Mo rò pé wọ́n pọ̀."

Akọ̀wé yọ orí láti ẹnu ọ̀nà, omijé ti fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o. Ṣé kí n máa wá pe Mama ní 'ó' ni?"

"Rárá o!" ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kígbe pọ̀. Ológbò jí lábẹ́ tábìlì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀gá gbé ìwé náà kalẹ̀. Ó mú bírò, ó fa ìlà gbọọrọ lórí *títí lọ*, ó kọ *oṣù mẹ́ta sí i, fún ìdánwò* sókè rẹ̀. Jẹ́-n-wò-ó wo bírò náà bí ó ṣe ń lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé ọjọ́ Ẹtì ni.

"Kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀," ni Mama wí fún ọmọ rẹ̀.

"Ìdí wo, Mama?"

"Kọ ọ́ bí mo bá ṣe ń pè é." Ó pè é, ọ̀gá kọ ọ́. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ń kọ àpèkọ bí ọmọ ilé ìwé. "Kí o sì fi ìṣẹ́jú mọ́kànléláàádọ́rin kún àkókò ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ọlọ́mọ yẹn. Èmi ò kọ́ ọ láti máa jẹ ẹnikẹ́ni ní ìṣẹ́jú."

Nígbà tí ọ̀gá jáde lọ bá Akọ̀wé, Mama fi ìka pe Jẹ́-n-wò-ó.

"Bí o bá purọ́, á ti fọwọ́ sí i."

"Mo mọ̀, mà."

"Kí ló dé tó ò purọ́?"

"Gbogbo ohun tí mo tẹ̀ ló wà nínú àkọsílẹ̀ sáfà, mà, tòun ti wákàtí àti orúkọ mi."

"Ọmọ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kà á."

"Ẹni tó bá máa gbapò mi á mọ̀ ọ́n."

Mama gbójú sókè wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ìyẹn kì í ṣe òtítọ́, ìwọ ọmọ yìí. Ìṣirò ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ènìyàn ní ìṣirò. Mi ò lè wá máa bá ọ jà sí i. Máa lọ."

Jẹ́-n-wò-ó padà sí òkè, ó gbé àwọn ọmọ rọ́bà méjèèjì padà sórí pẹpẹ, ó sì jókòó ti àkọsílẹ̀ náà títí di agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Orúkọ mẹ́tàdínlógójì wọlé lẹ́yìn agogo mẹ́rin. Èyí tó kẹ́yìn dé nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú kan. Ó ti ìforúkọsílẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i?"

"Wọ́n fọwọ́ sí oṣù mẹ́ta sí i."

Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń hó lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dákẹ́. "Kí lo ṣe?"

Ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi "ẹyọ kan ni wọ́n", ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju fóònù sílẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín, tí ó ń fi ọwọ́ gbá tábìlì, bí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń béèrè pé ṣé kò sí. Ó pẹ́ kí ó tó gbé fóònù padà.

"Ó dáa. Ṣé wọ́n kọ ìdí ẹ̀ sínú ìwé náà?"

"Wọ́n kọ ọ́."

"Kà á fún mi."

Jẹ́-n-wò-ó tú ìwé náà. Ọwọ́ ọ̀gá kò dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. "'Ó mọ iṣẹ́. Kò mọ ìbéèrè. Oṣù mẹ́ta tó láti kọ́ ọ.'"

"Ta ló sọ ìyẹn?"

"Mama ọ̀gá ni."

"Bá mi kí wọn dáadáa," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì pa fóònù.